Michigan nínú àwọn bowl: ṣé ilé nìkan ni wọ́n ti ń ṣe akọni?

Ajíbádé_Dearborn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mo gbé wá lónìí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, kì í ṣe ti Super Eagles. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbi iṣẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Ohio, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í fi Michigan ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ju, "Ẹ ti borí lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, ẹ wá ka bowl tí ẹ gbà fún mi."

Mo wá jókòó wò ó. Òótọ́ ni pé Michigan ni yunifásítì àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje 1,000. Maryland ni wọ́n nà tó fi pé, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n tó bá di ti bowl, èyí tí wọ́n pàdánù pọ̀ ju èyí tí wọ́n gbà lọ. Láti ìparí ọdún 2016 sí ìparí ọdún 2022, bowl mẹ́fà ni wọ́n gbá, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fìdí rẹmi: Florida State, South Carolina, Florida, Alabama, Georgia, TCU. Ẹ wo orúkọ bí ẹni ń pe ìwé ìpè níléèwé!

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ ní agbègbè Ann Arbor, ìlú tí yunifásítì Michigan wà, ẹ dákun, kí ló fà á?

Tóyè_Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, kí èmi tí mo wà nílé náà lè bá yín gbọ́ ọ. Kí ni wọ́n ń pè ní bowl? Ṣé bíi FA Cup ni?

Ajíbádé_Dearborn

Rárá, Tóyè. Ìdíje ẹyọ kan ni. Tí sáà bá ti parí, nípa ìparí oṣù Kejìlá sí ọjọ́ ọdún tuntun, ìlú kan á pe yunifásítì méjì tó ṣe dáadáa lọ́dún náà, wọ́n á gbá a, ó parí. Rose Bowl ní Pasadena, California, ni àgbà gbogbo wọn. Láti sáà 2014 ni wọ́n ti ń fi àwọn kan lára wọn ṣe ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ife orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ àwọn bowl kéékèèké wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹfà péré nínú sáà lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá_Ypsi

Ajíbádé ọmọ mi, o ṣé tí o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ Ohio yẹn ń fi ẹ́ ṣeré ni. Ká tó ka bowl tí Michigan pàdánù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka èyí tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbá.

Àwọn ló gbá èyí àkọ́kọ́ pàá, ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1902. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 46 kọjá kí wọ́n tó tún fojú kan bowl. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá. Líìgì wọn, Big Ten, ni kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa lọ. Ife orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà ní 1932 àti 1933, ilé ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ọdún 1946 ni Big Ten tó bá àwọn yunifásítì etíkun ìwọ̀ oòrùn ṣàdéhùn lórí Rose Bowl, ìyẹn náà sì ní ìdè tiẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń lọ, kò sí ẹni tó lè lọ sí bowl mìíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì rèé, ẹni tó lọ lọ́dún yìí kò gbọdọ̀ padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Èmi dé Ann Arbor ní 1972. Láti ọdún náà dé 1974, Michigan gbá ìdíje 33, wọ́n borí 30, wọ́n gba ọ̀mì kan, méjì péré ni wọ́n pàdánù. Iye bowl tí wọ́n lọ? Òdo! Àwọn tó ń borí lẹ́ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń wọkọ̀ òfuurufú lọ jẹ̀gbádùn báyìí.

Ti 1973 ló ṣì ń ká mi lára. Ohio State dé ní ipò kìíní lórílẹ̀-èdè, àwa wà ní ipò kẹrin. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, wọ́n ti jẹ 10, a ò jẹ nǹkan kan. Ìdá kẹrin ni a tó dá a padà sí 10-10. Bí inú wa ṣe ń dùn lọ́wọ́, wọ́n gbé Dennis Franklin, quarterback wa (ẹni tó ń darí eré, tó ń ju bọ́ọ̀lù), ṣubú, egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká rẹ̀ kán. Mike Lantry ta bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì kó gba àárín òpó. Èyí àkọ́kọ́ jìnnà gan-an, agbára rẹ̀ tó o, ẹ̀gbẹ́ òpó ló fi díẹ̀ gbà kọjá. Èkejì náà ò wọlé. Ọ̀mì.

Gbogbo wa gbà pé àwa la máa lọ sí Rose Bowl, torí Ohio State ló lọ lọ́dún tó ṣáájú, USC, yunifásítì kan ní Los Angeles, sì fi 42-17 lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, àwọn adarí eré ìdárayá yunifásítì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dìbò. Mẹ́fà fún Ohio State, mẹ́rin fún wa. Wọ́n ní Franklin ti fara pa. Bo Schembechler tó jẹ́ kóòṣì wa gbé e sínú títí ó fi kú ní 2006.

Wàhálà yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tú òfin ká ní 1975. Látìgbà náà, sáà 33 léra wọn ni Michigan fi lọ sí bowl láì fo ọ̀kan, títí dé sáà 2007. Ẹ ka ìyẹn fún ọmọ Ohio.

Àdùkẹ́_Columbus

Ẹ kú àgbà, Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ ò parí ìtàn yẹn ṣá. Ohio State tí wọ́n dìbò fún dé Pasadena, ó sì fi 42-21 na USC kan náà. Ìbò wo ló tún kù tó dáa jùyẹn?

Ẹ sì jẹ́ ká sọ ti Bo náà. Ká ní wọ́n gbé e lọ lọ́dún náà, kí ló fi yín lọ́kàn balẹ̀? Bowl méje àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yẹn lọ, méjèèje ló pàdánù. Stanford fi àmì kan ṣoṣo nà án ní 1972, 13-12. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ní 1975, ó lọ sí Orange Bowl, Oklahoma nà án 14-6. Ọdún mẹ́ta léra ló lọ sí Rose Bowl, 1977, 1978, 1979, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ọwọ́ òfo. Ọjọ́ kìíní ọdún 1981 ló tó borí, ó na Washington 23-6. Nígbà tó fi fẹ̀yìn tì, bowl 17 ló ti lọ, ó gba márùn-ún. Rose Bowl nìkan jẹ́ mẹ́wàá, ó gba méjì. Ta ló de ọwọ́ rẹ̀ nínú ìyẹn?

Tóyè_Ìbàdàn

Àǹtí yìí ò ṣàánú ẹnikẹ́ni 😂

Bàbá_Ypsi

Àdùkẹ́, mo gbọ́. Ti Rose Bowl 1970, Bo ò sí ní pápá rárá. Àìsàn ọkàn kọ lù ú mọ́jú ọjọ́ ìdíje, ilé ìwòsàn ló wà nígbà tí USC fi 10-3 na àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Michigan nìyẹn o.

Ti 1979 ńkọ́? Charles White ti USC rọ́ lu èrò níwájú ìlà, bọ́ọ̀lù jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọjá. Ọmọ Michigan kan gbé bọ́ọ̀lù. Rẹfirí kan gbọ́wọ́ sókè pé touchdown ni, pé ó ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà wọlé. Kò sí fídíò tí wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà. 17-10 ló parí sí. Touchdown kan ló wà láàárín wa.

Ìkẹta: ibo ni Pasadena wà? Ẹ̀yìnkùlé USC àti UCLA ni. Nínú Rose Bowl mẹ́jọ tí Bo pàdánù, mẹ́rin jẹ́ ti USC, ọ̀kan jẹ́ ti UCLA. Àwa máa ń tinú yìnyín bọ́ sínú oòrùn lọ bá onílé lójúde rẹ̀. Kí USC wá sí Ann Arbor lóṣù Kínní, ká wò ó.

Àkànní_Houston

Ẹ̀yin ará àríwá, ẹ̀ ń pariwo USC, ẹ ò dárúkọ wa. Ọjọ́ kìíní ọdún 2005, Rose Bowl. Texas 38, Michigan 37. Vince Young fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin o! Gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló máa sá, kò sẹ́ni tó rí i mú. Dusty Mangum wá ta bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, aago ti lọ pátápátá kí bọ́ọ̀lù tó rékọjá òpó. Bí mo bá ń bínú, fídíò yẹn ni mo máa ń wò.

TCU tó nà yín ní 2022, ọmọ Texas náà ni. A kí yín.

Ajíbádé_Dearborn

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dùn sí i. Orange Bowl ọjọ́ kìíní ọdún 2000, Alabama fi àmì 14 ṣáájú wa lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tom Brady, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, ju touchdown mẹ́rin. Ó dé àfikún àsìkò, Alabama ta bọ́ọ̀lù tó ń fi àmì kan kún touchdown tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, 35-34. Tiwa.

Àdùkẹ́_Columbus

Brady tí ẹ ń fi quarterback mìíràn, Drew Henson, pààrọ̀ lọ́dún yẹn kan náà? Ẹ ṣeun.

Kọ́lá_Chicago

Ẹ fi èyí tó dùn jù sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò. Bàbá fi gbólóhùn kan kọjá lórí 1902, èmi ò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá.

Fielding Yost ni kóòṣì. Stanford gan-an ló kọ́ lọ́dún tó ṣáájú kó tó wá sí Michigan, ẹgbẹ́ tó mọ̀ dénú ni wọ́n ní kó lọ bá. Lọ́dún náà, ìdíje 11 ni Michigan gbá, àmì 550 ni wọ́n jẹ, kò sí ẹni tó jẹ ẹyọ kan lára wọn. Ó kan Stanford, 49-0. Neil Snow nìkan wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún, àmì márùn-ún péré sì ni touchdown kan ń mú wá láyé ìgbà yẹn. Eléré 11 tó bẹ̀rẹ̀ fún Michigan ló parí rẹ̀, wọn ò pààrọ̀ ẹnì kan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago lù, olórí ẹgbẹ́ Stanford lọ bá wọn pé ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Wọ́n sì dá a dúró.

Ojú ti àwọn aláṣẹ àjọ̀dún òdòdó Pasadena débi pé wọ́n gbé bọ́ọ̀lù tì. Eré kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin bíi ti àwọn ará Róòmù ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀. Ọdún 1916 ni bọ́ọ̀lù tó padà. Ẹgbẹ́ kan gbá bowl kan, ó bá a jẹ́ fún ọdún 14!

Ọdún 1948 tí wọ́n tún padà lọ sí Rose Bowl, kí ni wọ́n fi na USC? 49-0. Iye kan náà gẹ́lẹ́. Fritz Crisler ni kóòṣì wọn. Notre Dame ni ilé iṣẹ́ ìròyìn AP ti fi sí ipò kìíní kí ìdíje yẹn tó wáyé. Ariwo pọ̀, wọ́n tún dìbò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, Michigan jáwé olúborí 226 sí 119, wọ́n wá ní ìbò kejì yẹn ò ká, kí Notre Dame di ife mú. Tí ẹ bá rò pé 1973 nìkan ni ìbò ti ṣe Michigan léṣe, ẹ ti gbọ́ báyìí.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Michigan lọ ní Pasadena, wọ́n borí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1902, 1948, 1951, 1965. Ìgbà tí Bo dé ni ẹ̀rọ bàjẹ́.

Bàbá_Ypsi

Kọ́lá, fi Bo sílẹ̀.

Ṣèyí_Atlanta

Èmi ń gbé níbi tí wọ́n ti gbá Peach Bowl, mo rí ti 2018 lójú ara mi, Florida 41, Michigan 15. Ẹ má jẹ́ ká pa irọ́: ẹgbẹ́ tó wá síbẹ̀ kọ́ ló gbá sáà náà. Rashan Gary ò gbá. Devin Bush ò gbá. Karan Higdon tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá ò gbá. Gbogbo wọn ń wo NFL, líìgì àwọn tó ń gbowó gbá a, níwájú.

Mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ rántí Jake Butt. Orange Bowl ìparí ọdún 2016, ó wà lára àwọn tó dáńgájíá jù ní ipò rẹ̀ lórílẹ̀-èdè, ó jáde lọ gbá bowl tí kò ní ife kankan nínú, iṣan orúnkún rẹ̀ já. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń ṣa eléré, ìpele karùn-ún ló tó rí ẹni mú un. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹni nìyẹn, bowl ò sì san án padà.

Ìdíje yẹn gan-an tún burú lọ́nà mìíràn. Michigan bọ́ síwájú 30-27, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì. Florida State gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n ta sí wọn, wọ́n gbé e sá ó lé ní ọgọ́ta yard, wọ́n ju touchdown. Wọ́n fẹ́ fi àmì kan lé e, Michigan fọwọ́ dí i, Josh Metellus gbé e sá títí dé òdìkejì pápá, àmì méjì. 33-32. Ta ló ń fi àmì kan pàdánù lẹ́yìn irú èyí?

Àkànní_Houston

Ẹni tó wọṣọ aláwọ̀ àgbàdo àti búlúù, àwọ̀ Michigan yẹn.

Bùkọ́lá_Baltimore

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ wa wà nínú Fiesta Bowl tí TCU gbà. Olusegun Oluwatimi! Òun ló wà láàárín ìlà iwájú, tó ń fi bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ lé quarterback lọ́wọ́. Ó ti Virginia wá ní 2022, sáà kan ṣoṣo ló lò ní Michigan, ó gba Rimington Trophy àti Outland Trophy, àmì ẹ̀yẹ àwọn ará ìlà iwájú, nínú sáà yẹn, kí ẹgbẹ́ NFL ti Seattle tó mú un. Ìyá mi tí kò mọ nǹkan kan nínú bọ́ọ̀lù yìí jókòó tì mí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tò sílẹ̀ ló ń bi mí pé, "Èwo ni Ṣẹ́gun nínú wọn?"

Ìdíje ọjọ́ yẹn fa ìbànújẹ́. Donovan Edwards sá yard 54 ní bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pàá. Wọ́n dé yard méjì sí ìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe idán, ó bá wọn já. Roman Wilson gba bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí wo fídíò, wọ́n ní ìdajì yard ló kù. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, Kalel Mullings jẹ́ kó bọ́. J.J. McCarthy sì ju bọ́ọ̀lù méjì sọ́wọ́ TCU, méjèèjì ni wọ́n gbé sá padà wọlé. Àmì 14 ọ̀fẹ́. Wọ́n fi 51-45 pàdánù. Ẹ yọ 14 yẹn kúrò kí ẹ wò ó.

Ìlà iwájú tí Oluwatimi dúró lé ò já wọn kulẹ̀. Ẹgbẹ́ tó jẹ àmì 45 ò sá fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe ló pa wọ́n.

Ajíbádé_Dearborn

Àǹtí Bùkọ́lá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí ẹ̀san ìyẹn ló dé lọ́jọ́ kìíní ọdún 2024. Rose Bowl, Alabama. Nínú mẹ́fà tí mo kà lókè, Alabama wà níbẹ̀.

Alabama fi 20-13 ṣáájú, àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Michigan dé ìgbà kẹrin, àǹfààní ìkẹyìn láti pé yard mẹ́wàá, yard méjì ló kù, wọ́n ṣì wà ní ilẹ̀ ara wọn. Tí èyí bá já, ó tán. McCarthy ju ú sí Blake Corum lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá. Ó ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, Roman Wilson tí wọ́n gba touchdown lọ́wọ́ rẹ̀ ní Fiesta Bowl ló gba èyí wọlé. 20-20.

Ẹ sì gbọ́, kí aago tó lù, Alabama ta bọ́ọ̀lù sí wa, ọmọ tó fẹ́ gbà á jẹ́ kó ta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá ìlà ilé wa. Ó sáré gbé e, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí yard kan. Ká ní inú ilé wa ni wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ sí, àmì méjì ti Alabama. Ọkàn mi fò lọ.

Àfikún àsìkò, Corum wọlé. Alabama dé ìgbà kẹrin lẹ́bàá ìlà, Jalen Milroe gbé e fúnra rẹ̀, wọ́n dì í mọ́ àárín. 27-20. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n na Washington 34-13 ní Houston níbi tí ẹ̀gbọ́n Àkànní ń gbé, wọ́n gbé ife lọ.

Àkànní_Houston

Ọ̀nà àbùjá ni mo gbà lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Búlúù kún ìlú.

Ṣèyí_Atlanta

Kí n fi kún tiyín, ó tako ohun tí mo sọ lókè díẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2024, ReliaQuest Bowl ní Tampa, Alabama tún ni. Mason Graham, Kenneth Grant, Will Johnson, Colston Loveland, kò sí ọ̀kan tó gbá fún Michigan, gbogbo wọn ti ń múra NFL. Òjò ń rọ̀ bí ẹni ń fi garawa dà á. Àwọn ọmọ tí a ò mọ orúkọ wọn ló gbá a, wọ́n sì borí, 19-13. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá pàdánù bowl ni ká máa wá ẹni tí kò wá.

Bàbá_Ypsi

O ṣeun, Ṣèyí. Ajíbádé, lọ sọ fún ọmọ Ohio yẹn pé Alabama lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Kó tún rántí pé nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024 yẹn kan náà, a lọ bá wọn ní Columbus, a fi 13-10 nà wọ́n níwájú ìyá wọn.

Àdùkẹ́_Columbus

Bàbá, ẹ nà wá lóòótọ́, mo wà ní pápá, mo sunkún délé. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ wà lóṣù Kínní ọdún 2025 nígbà tí àwa tí ẹ nà gba Rose Bowl lọ́wọ́ Oregon, tí a gba Cotton Bowl lọ́wọ́ Texas, Àkànní jẹ́rìí sí i, tí a sì na Notre Dame 34-23, a gba ife orílẹ̀-èdè? Ṣebí ẹ ní ká ka bowl. Ẹ wá kà á.

Àkànní_Houston

Kí ló kàn mí nínú ìjà yín báyìí?

Ajíbádé_Dearborn

Àǹtí Àdùkẹ́, ó dá mi lójú pé ẹ̀yin àti ọ̀gbẹ́ni ibi iṣẹ́ wa jọ mọ ara yín.